Bí ẹ ṣe lè fi máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹ ilẹ̀ wò l'Ékìtì kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà lè ti rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Wọ́n á ṣí máàpù káúńtì wọn, ìyẹn bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, lórí fóònù, wọ́n á tẹ ilé kan, orúkọ onílé, bí ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó àti owó orí rẹ̀ yóò sì jáde. Ní ọ̀pọ̀ káúńtì, ọ̀fẹ́ ni. Síbẹ̀, torí owó orí ni wọ́n ṣe ya máàpù yẹn. Bí ìjà ààlà bá dé, sọ́fíọ̀, ìyẹn ẹni tó ń wọn ilẹ̀, ni wọ́n ń pè lọ́hùn-ún náà.

Nílé wa níbí, ẹ lè tẹ Google Maps títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní sọ ẹni tó ni plọ́ọ̀tì kan ní Básìrì tàbí lójú ọ̀nà Ìjàn fún yín. Ohun tó lè ṣe kò kéré ṣá: ó lè fi hàn yín bóyá ilẹ̀ tí wọ́n mú yín dé orí rẹ̀ ni ilẹ̀ tó wà nínú ìwé tí wọ́n kó lé yín lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni jìbìtì ti ń wọlé. Wọ́n á mú èèyàn dé ilẹ̀ tó tẹ́jú létí títì, ìwé tí wọ́n á fún un á sì jẹ́ ti àbàtà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dùn mí pé owó tí ẹlòmíì fi ọdún gbọọrọ kó jọ ń bọ́ sọ́wọ́ irú wọn, nígbà tí ẹni tó ní fóònù lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ kọ́kọ́ gba sọfé

Ní kí ẹni tó ń tà á fi àwòrán ìwé sọfé, ìyẹn ìwé tí sọ́fíọ̀ ya ààlà àti ìwọ̀n ilẹ̀ sí, ránṣẹ́, kí gbogbo nọ́ńbà ibẹ̀ hàn kedere. Ẹ wo orúkọ ẹni tí wọ́n sọfé ilẹ̀ fún, ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ tó wà, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, orúkọ àti èdìdì sọ́fíọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà bíkìnì, ìyẹn òpó sìmẹ́ǹtì kékeré tí wọ́n rì mọ́ kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo bí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Plọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120 yóò jẹ́ nǹkan bíi mítà 18.3 ní 36.6.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni nọ́ńbà gígùn méjì tó wà létí kọ̀rọ̀ kan, ó kéré tán: ọ̀kan ní mE lẹ́yìn (mítà sí apá ìlà oòrùn), èkejì ní mN (mítà sí apá àríwá). Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ UTM Zone 31 sí ìsàlẹ̀ ìwé. UTM ni ètò tí wọ́n fi pín ayé sí zone kọ̀ọ̀kan fún ìwọ̀n ilẹ̀, inú zone yẹn ni gbogbo Èkìtì bọ́ sí. Láàárín ìlú Adó, mE máa ń wà ní àyíká 745,000, mN ní àyíká 843,000. Bí wọ́n bá gbé sọfé "ilẹ̀ Adó" wá tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 543,000 àti 713,000, Lagos Island ni wọ́n ń júwe fún yín. Sọfé àtijọ́ lè má lo zone rárá. Irú ìyẹn, sọ́fíọ̀ ni kí ẹ gbé e fún.

Ẹ sọ nọ́ńbà di ojú ilẹ̀

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Nọ́ńbà inú sọfé Nàìjíríà sábà máa ń tẹ̀lé ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Minna, WGS84 sì ni Google ń lò. Nọ́ńbà kan náà kì í bọ́ sí ojú kan náà lórí méjèèjì. Lágbègbè wa, ó ń sún ju mítà 100 lọ. Plọ́ọ̀tì márùn-ún tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60 yóò gba àárín ibẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á tẹ nọ́ńbà sí Google Earth bó ṣe rí, àmì á bọ́ sórí òrùlé ilé ẹlòmíì, á ní wọ́n fẹ́ lu òun ní jìbìtì. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, á bọ́ sórí ilẹ̀ tó dára gan-an, ọkàn ẹni tó ń rà á á balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ẹlòmíì ló ń wò.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ lọ sí epsg.io lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló ń yí nọ́ńbà láti ìpìlẹ̀ ìwọ̀n kan sí òmíràn, ẹ yan Transform. Lápá ibi tí nọ́ńbà ti ń bọ̀, ẹ fi 26331 sí i, ìyẹn Minna ní zone 31. Lápá ibi tó ń lọ, ẹ fi 4326 sí i, ìyẹn WGS84. Ẹ tẹ mE àti mN sí àyè wọn. Nọ́ńbà méjì tuntun yóò jáde: ní Adó, ọ̀kan yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7, èkejì pẹ̀lú 5. Ẹ da méjèèjì kọ sí Google Maps, kí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7 ṣáájú, kí kọ́mà wà láàárín wọn. Bí ẹ bá gbé 5 ṣáájú, ibòmíì pátápátá ni yóò gbé yín lọ. Gbogbo kọ̀rọ̀ tí ìwé náà bá fún ní nọ́ńbà ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ẹ yí àwòrán náà sí satellite kí ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ dá ibẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ń ra ilẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ kò ní ṣàì rí àpáta Olósùnta, kó sì mọ apá tí ilẹ̀ òun wà sí i.

Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà, ẹ gba Google Earth Pro sórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àmì aago kan wà lókè tí ẹ lè fi wo àwòrán ọdún tó ti kọjá. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Ẹ ó rí ìgbà tí wọ́n mọ fẹ́ǹsì, ìgbà tí oko kòkó di plọ́ọ̀tì, bóyá ojú àgbàrá ni ibẹ̀ kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Bí ìpìlẹ̀ ilé bá ti wà níbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, tí ẹni tó ń tà á ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ilẹ̀ náà rí, ẹ bi í pé ta ló dá ìpìlẹ̀ yẹn.

Ẹ dé ibẹ̀

Ẹ wá bíkìnì, ẹ ro koríko orí rẹ̀ kúrò, kí ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n fín sí i. Ó gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Fóònù lè fi nǹkan bíi mítà 5 ṣìnà ní gbangba, tó bá di abẹ́ igi kòkó tàbí obì, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ má fi fóònù bá aládùúgbò jà lórí ààlà. Bí pèrègún bá wà níbẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò pé ta ló gbìn ín, ta ló sì wà lódì kejì.

Ta ló ni ín?

Èyí kò sí lórí máàpù. Ẹ ní kí sọ́fíọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, ìyẹn àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ sọ́fíọ̀ ní Nàìjíríà, gbé nọ́ńbà náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Adó, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ náà wà nínú èyí tí ìjọba ti gbà. Ilẹ̀ tó sún mọ́ pápákọ̀ òfúrufú lọ́nà Ìjàn, tàbí tó sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Kí lọ́yà náà lọ wá fáìlì ilẹ̀ ọ̀hún ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìpínlẹ̀: C of O (ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni), gbèsè báǹkì tó wà lórí rẹ̀, ẹjọ́. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996 ni Èkìtì kúrò lára Oǹdó, torí náà ìwé tó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lè gbé orúkọ ìjọba Oǹdó, èyí tó sì ṣáájú 1976 lè jẹ́ ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó wà n'Ìbàdàn. Ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ayédèrú.

Ilẹ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà láìsí olórí ẹbí, òfo ni títà náà níwájú òfin. Bí olórí ẹbí náà bá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí mọ̀, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ láti wọ́gi lé e. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ to ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn bí ilẹ̀ ṣe di ti ìdílé, ìwé tó múná dóko, lílo ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀, dídì í mú fún ìgbà pípẹ́, àti níní ilẹ̀ tó so mọ́ ọn lọ́nà tó fi hàn pé ẹni kan náà ló ni méjèèjì.

Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, ní kí lọ́yà kọ nọ́ńbà bíkìnì kọ̀ọ̀kan àti mE àti mN wọn sínú ìwé àdéhùn, kó so sọfé mọ́ ọn, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó sanwó.