Bí mo ṣe gba ìtàn Awólọ́wọ̀ oníwèé ìròyìn sílẹ̀ fáwọn ọmọ iléèwé ní Rẹ́mọ

Àǹtí mi kan tó ń ṣe tíṣà ní Ṣágámù ló ní kí n bá àwọn ọmọ kíláàsì òun gba ìtàn Awólọ́wọ̀ sórí fóònù, ní Yorùbá, kó má gùn jù. Mo ní kò burú ma, àmọ́ mi ò ní sọ ti òṣèlú o, torí kò sọ́mọ Rẹ́mọ tí ò mọ Awo olóṣèlú, ẹ̀ẹ́ rí fìlà ẹ̀ àti awò ojú ẹ̀ káàkiri, bẹ́ẹ̀ sì rèé kí bàbá yẹn tó di Premier rárá ló ti ṣiṣẹ́ ìròyìn, tó sì ti ní ìwé ìròyìn tiẹ̀, Tribune. Ìyẹn ni mo fẹ́ káwọn ọmọ náà gbọ́.

Mo kọ́kọ́ to àwọn ọdún sílẹ̀ sínú bébà kan. March 6, 1909 ni wọ́n bí i ní Ìkẹ́nnẹ́. 1920 ni bàbá ẹ̀ kú, ọmọ ọdún mọ́kànlá péré ni. Ibí yìí ni mo ti pẹ́ jù, torí látìgbà yẹn ló ti di pé kó máa wá owó iléèwé fúnra ẹ̀, ó ń ṣẹ́gi, ó ń pọnmi, ó ń ti iléèwé kan bọ́ sí òmíì, ó tún ṣe tíṣà l'Ábẹ́òkúta. 1927 ló wọ Wesley College n'Íbàdàn, kò pẹ́ níbẹ̀, ó lọ kọ́ táípù àti shorthand, ó tún padà wá ṣe akọ̀wé ní Wesley yẹn kan náà. Nínú gbogbo ẹ̀, shorthand yìí ló wú mi lórí jù. Ẹni tó lè kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu èèyàn, tó tún lè tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀, kí ló tún kù kó tó di oníròyìn? 1934 ló wọ Daily Times láti kọ́ṣẹ́ ọ̀hún.

Lẹ́yìn ìyẹn mo lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Mo dé ilé Awo, níbi tí wọ́n sin ín sí, àmọ́ ohùn ènìyàn ni mò ń wá, torí náà mo lọ bá bàbá àgbà kan tó ti ta ìwé ìròyìn rí. Ọ̀kadà ń kọjá lójúde, mo bẹ̀ wọ́n ká wọ yàrá inú, a pa fáànù, mo gbé fóònù lérí àpótí nítòsí ẹnu wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ má fọwọ́ di fóònù mú o, gbogbo bí ọwọ́ bá ṣe mì ló máa wọ inú ẹ̀. Mi ò sì já lu ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tí Tribune bá ti Ìbàdàn dé, ẹnì kan tó mọ̀wé á jókòó ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, á máa kà á sókè, àwa tó kù á máa gbọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ́kọ́dìn náà, Rẹ́mọ tí wọ́n fi sọ ọ́ gan-an ni mo sì fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí mo ka tèmi, mi ò kà á bíi ti ìròyìn orí rédíò, mò ń sọ ọ́ bí ẹni ń bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀, mo wá gé ibi tó gùn jù kúrò kí n tó fi ránṣẹ́ sí àǹtí lórí WhatsApp.

Àwọn ọmọ gbọ́ ọ, ọ̀kan béèrè pé, "Ṣé ó ti lówó kó tó dá Tribune sílẹ̀ ni?" Ìbéèrè gidi nìyẹn! Mo padà lọ fi kún un pé ó ṣòwò kòkó, ó ṣòwò ọkọ̀, gbèsè tiẹ̀ wọ̀ ọ́ nígbà kan, síbẹ̀ ó ń kàwé nílé títí tó fi gba dìgírì ìmọ̀ òwò ti Yunifásítì London, 1944 ló lọ kọ́ lọ́yà ní London, ó parí ẹ̀ ní 1946, iṣẹ́ lọ́yà ló ń ṣe n'Íbàdàn nígbà tí Tribune kọ́kọ́ jáde ní November 16, 1949. Ẹni ogójì ọdún ni. Mo sì fi ti Mama HID kún un, torí nígbà tí ọkọ wọn wà lẹ́wọ̀n ní Calabar, àwọn ni ò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ yẹn kú, ó sì dùn mí pé àwọn èèyàn kì í sábà dárúkọ wọn tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ oníwèé ìròyìn. Títí dòní, kò sí ìwé ìròyìn aládàáni ní Nàìjíríà tó ṣì ń jáde tó dàgbà ju Tribune lọ.

Àǹtí ti ní òun fẹ́ apá kejì. WNTV ni mo fẹ́ fi ṣe é, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba Awo ṣí n'Íbàdàn ní October 31, 1959, mo sì ti ń wá ẹni tó wò ó láyé ìgbà yẹn.