Òtẹ́ẹ̀lì Olówó Ńlá: Bí Ẹ Ṣe Máa Gbádùn Gbogbo Ohun Tẹ́ ẹ Sanwó Ẹ̀, Tí Bíìlì Ò Sì Ní Já Yín Láyà

Èèyàn máa ń rò pé tóun bá ti sanwó yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá, gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn ti di tòun nìyẹn títí dìgbà tóun máa kó ẹrù òun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀: èyí tó ti wà nínú owó tẹ́ ẹ san, àtèyí tó ń dúró dè yín pẹ̀lú bíìlì lọ́wọ́, wọ́n á wá gbé méjèèjì síbì kan náà, wọ́n á nù ún kó máa dán, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ fojú lásán dá a mọ̀. Ìgò omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lè jẹ́ ọ̀fẹ́, ìgò tó jọ ọ́ bí ìbejì tó wà nínú fíríìjì á sì jẹ́ owó gọbọi. Iṣẹ́ yín ò ju kẹ́ ẹ máa dá wọn mọ̀ lọ, ẹnu lẹ sì máa fi ṣe é.

Ibi tẹ́ ẹ ti ń búùkù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ yàrá nìkan, ẹ ò ní oúnjẹ kankan níbẹ̀ o. Tí wọ́n bá kọ half board, oúnjẹ àárọ̀ ni àti ẹyọ kan sí i, alẹ́ ló sábà máa ń jẹ́. Full board ni ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ṣùgbọ́n nǹkan mímu sábà máa ń dá dúró ní tiẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn torí ẹni tó ti sanwó oúnjẹ mẹ́ta ò ní ronú pé omi tóun fi gbé e mì máa lówó lọ́tọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìràwọ̀ gbé yín lójú lọ. Kò sí àjọ kan ṣoṣo tó ń fún gbogbo òtẹ́ẹ̀lì ayé ní ìràwọ̀, ibi kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tiẹ̀, ìràwọ̀ 7 tí wọ́n máa ń pariwo ẹ̀ nípa Burj Al Arab tó ṣí ní Dubai lọ́dún 1999 yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníròyìn ni. Ohun tó ṣe pàtàkì ju ìràwọ̀ lọ ni iye tẹ́ ẹ máa san gan-an. Tẹ́ ẹ bá rí àmì ++ lẹ́yìn iye kan, bíi ní Singapore, iye yẹn ò tíì pé, owó sábísì tó sábà máa ń jẹ́ ìdá 10 nínú 100 ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀, owó orí ọjà tó ti di ìdá 9 látọdún 2024 náà á tún gorí ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ńkọ́, òtẹ́ẹ̀lì àárín ìlú ńlá lè ní owó kan tí wọ́n ń pè ní destination fee, wọ́n á gbà á bẹ́ ẹ lo nǹkan tó wà nínú ẹ̀, bẹ́ ò lò ó. Látoṣù May 2025 ni òfin ti ní kí wọ́n kó gbogbo iye tó pọn dandan síwájú oníbàárà látìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò ní kí wọ́n má gbà á. Ẹni tó bá ti san án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀! Nígbà míì, owó kékeré kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi jẹun nílé oúnjẹ wọn, kò sì sẹ́ni tó máa rán yín létí.

Tẹ́ ẹ bá wá dé rìsẹ́pṣọ̀n, wọ́n á gba káàdì yín, wọ́n á so owó kan mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀ nítorí nǹkan tẹ́ ẹ lè jẹ tàbí tẹ́ ẹ lè mu. Wọn ò tíì gbé e lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ò lè ná an. Tó bá jẹ́ káàdì ìfowópamọ́ yín lẹ fún wọn, owó yín gan-an ni wọ́n so yẹn, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti lọ kó tó tú, torí náà tó bá jẹ́ owó yẹn lẹ fẹ́ fi wọ mọ́tò padà sílé, wàhálà dé. Ẹ béèrè iye tí wọ́n fẹ́ so kẹ́ ẹ tó fa káàdì yọ.

Yàrá sábà máa ń ṣetán ní aago 2 tàbí 3 ọ̀sán, wọ́n á sì fẹ́ kẹ́ ẹ jáde ní aago 11 tàbí 12. Ohun tọ́pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ẹ lè dé ní aago 9 àárọ̀ kẹ́ ẹ gbé ẹrù yín fún wọn kí wọ́n bá yín tọ́jú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ wẹ̀ níbi ṣáwà jíìmù, kẹ́ ẹ jókòó létí súwímíìn-púùlù títí yàrá á fi dọ́wọ́ yín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ náà, bákan náà ni, wọ́n máa ń gbà fúnni dáadáa téèyàn bá béèrè pẹ̀lú ọ̀yàyà.

Ẹnì kan wà nítòsí ẹnu ọ̀nà tó ní tábìlì tiẹ̀ lọ́tọ̀, concierge ni wọ́n ń pè é, mi ò sì mọ ìdí táwọn èèyàn fi máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá bí ẹni pé owó ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ tiẹ̀! Tẹ́ ẹ bá rí kọ́kọ́rọ́ wúrà méjì tó gbé ara wọn lágbèélébùú létí kóòtù ẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ Les Clefs d'Or ni, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1929, ẹni tó mọṣẹ́ dójú àmì nìyẹn. Ó lè bá yín wá tábìlì níbi tí wọ́n ti sọ fún yín lórí fóònù pé àyè ò sí, ó lè bá yín wá tíkẹ́ẹ̀tì, ó lè bá yín wá ẹni tó máa rán bàtà tó já. Èmi máa ń kọ ímeèlì sí wọn ní bí ọ̀sẹ̀ kan kí n tó dé, wọ́n á sì ti ṣe gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ó yá, ẹ wọ yàrá. Káàdì tẹ́ ẹ fi ṣílẹ̀kùn yẹn náà lẹ sábà máa ń kì bọ ihò kan lára ògiri kí iná tó tàn. Kẹ́tù, tíì àti kọfí tó wà lórí tábìlì, ọ̀fẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ọṣẹ àti ìpara inú ilé ìwẹ̀, ẹ lò ó bó ṣe wù yín. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ọ̀fẹ́ yìí ti pẹ́ o, Tremont House tó ṣí ní Boston lọ́dún 1829 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe é, àwọn náà ló ń jẹ́ kí àlejò lè ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀ pa, nígbà tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ ẹ̀yin àtẹni tẹ́ ò mọ̀ rí lè jọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà ní ilé àlejò. Sílípáàsì funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tiyín ni, ẹ gbé e lọ. Aṣọ ìwẹ̀ tó nípọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kì í ṣe tiyín, tẹ́ ẹ bá kó o sínú báàgì wọ́n á yọ owó ẹ̀ lára káàdì yín.

Minibar, ìyẹn fíríìjì kékeré inú yàrá tí nǹkan títà wà nínú ẹ̀, òun wá ni baba gbogbo wọn. Mo dé òtẹ́ẹ̀lì kan nígbà kan, mo fẹ́ fi ògùn mi sínú fíríìjì, mo gbé ìgò mẹ́rin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àyè lè wà, mi ò ṣí ìkankan nínú wọn, mo tún dá wọn padà sáyè wọn lálẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ ni mo rí i pé wọ́n ti kọ gbogbo ẹ̀ sí mi lọ́rùn, àfi bí ẹni tó ṣe pátì mọ́jú. Sẹ́ńsọ̀ ló wà lábẹ́ ìgò náà, tó bá ti kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kọ̀ǹpútà ti kà á pé ẹ ti mu ún. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn tí mo ṣàlàyé, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mí sílẹ̀. Ẹ má gbé nǹkan kan kúrò. Tẹ́ ẹ bá nílò fíríìjì fún ògùn tàbí mílíìkì ọmọ, ẹ pe ìsàlẹ̀ kí wọ́n gbé kékeré kan wá fún yín, tàbí kí wọ́n kó tiwọn jáde. Bákan náà ni búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, réésà, pílò míì, áyọ́ọ̀nù, wáyà fóònù, wọ́n ní in nísàlẹ̀, wọn kì í sì í gbowó ẹ̀ níbi púpọ̀, wọn ò kàn kó o síta ni.

Lọ́ńdìrì, ẹyọ-ẹyọ ni wọ́n ń kà á, ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì lè gbé owó tó tó ra tuntun, tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà á tún lé sí i. Èmi a fọ tèmi nínú básíà ilé ìwẹ̀, mi ò tijú. Jíìmù àti súwímíìn-púùlù sábà máa ń wà nínú owó yàrá. Ní ti spa, ẹ béèrè dáadáa, torí sáúnà lè jẹ́ ọ̀fẹ́ kí ìfọwọ́ra sì lówó, tẹ́ ẹ bá sì búùkù ìfọwọ́ra tẹ́ ò lọ, tẹ́ ò sì sọ fún wọn ní wákàtí 24 ṣáájú, wọ́n lè gba owó ẹ̀ pé.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kù, ibẹ̀ sì ni owó pọ̀ sí jù. Oúnjẹ àárọ̀ báfẹ́ẹ̀, ẹ má gbé àwo o! Ẹ kọ́kọ́ yípo gbogbo tábìlì náà lẹ́ẹ̀kan, torí búrẹ́dì àti nǹkan tó ń tètè yóni ni wọ́n sábà máa ń tò síwájú, ẹja dáadáa á wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún níbi táwo yín á ti kún kẹ́ ẹ tó dé. Ẹni tó ń dín ẹyin níwájú yín yẹn, bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ẹ ló máa ṣe é. Ọ̀pọ̀ ibi ló tún ní mẹ́nù tí wéítà ò ní gbé fún yín àfi tẹ́ ẹ bá béèrè, tó sì wà nínú owó kan náà. Tẹ́ ẹ bá lè dé ibẹ̀ kí aago 8 tó lù, ó dáa, torí láti 9 lọ èrò á ti dé.

Room service, ìyẹn oúnjẹ tí wọ́n gbé wá bá yín ní yàrá, dùn ṣùgbọ́n ẹ ka ìsàlẹ̀ mẹ́nù, níbi tí wọ́n kọ lẹ́tà wínníwínní sí: owó oúnjẹ, owó sábísì, owó gbígbé e wá, lórí àwo kan ṣoṣo! Tí sábísì bá ti wà nínú bíìlì, kò pọn dandan kẹ́ ẹ tún fún ẹni tó gbé e wá lówó, ọwọ́ yín ló kù sí. Ẹ sì ro bí oúnjẹ náà ṣe máa rìn. Láti kíṣìnnì dé àjà 20, ohunkóhun tí wọ́n dín á ti rọ lábẹ́ ìdérí yẹn torí ooru ò rí ibi gbà jáde, ọbẹ̀ olómi àti nǹkan tí wọ́n sè jẹ́jẹ́ ló máa dé bó ṣe yẹ. Tó bá jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ lẹ fẹ́ jẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, páálí kan wà tẹ́ ẹ máa máàkì kẹ́ ẹ fi kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ kọ àkókò síbẹ̀.

Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fowó kún un kẹ́ ẹ lè máa wọ executive lounge, ìyẹn pálọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fáwọn tó sanwó ẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀. Tí owó yàrá yín ò bá ní oúnjẹ àárọ̀ nínú, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin méjì ni, lounge yẹn máa ń ní oúnjẹ àárọ̀, kọfí jálẹ̀ ọjọ́, nǹkan mímu àtìpápánu nírọ̀lẹ́, ó lè dínwó ju kẹ́ ẹ máa ra ìkọ̀ọ̀kan lọ. Tó bá jẹ́ pé òru lẹ máa dé tẹ́ ẹ máa jáde ní ìdájí, ẹ má bá wọn dé ibẹ̀.

Ilé oúnjẹ ńlá inú òtẹ́ẹ̀lì, ẹ búùkù ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rìnrìn àjò, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ kéèyàn múra, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tí ara yín kì í gbà nígbà tẹ́ ẹ bá ń búùkù, ẹ má dúró dìgbà tí àwo bá délẹ̀. Tówó ò bá pọ̀, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ, kíṣìnnì kan náà ni, àwọn tó ń sè é kan náà ni, mẹ́nù ọ̀sán tí wọ́n ti dá iye lé sì sábà máa ń dínwó ju ti alẹ́ lọ dáadáa. Ìràwọ̀ tẹ́ ẹ bá rí lẹ́nu ọ̀nà látọ̀dọ̀ Michelin, ìyẹn ìwé tó ń sọ ibi tí oúnjẹ ti dáa jù, ilé oúnjẹ yẹn nìkan ni wọ́n fún, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún òtẹ́ẹ̀lì ní tiẹ̀ lọ́dún 2024.

Tẹ́ ẹ bá jókòó tẹ́ ẹ rí fọ́ọ̀kì mẹ́ta lósì, ọ̀bẹ mẹ́ta lọ́tùn-ún, ẹ má bẹ̀rù, láti ìta ni kẹ́ ẹ ti máa mú un bọ̀ wá sínú. Àwo búrẹ́dì tó wà lósì ni tiyín, gíláàsì ọ̀tún ni tiyín. Wéítà á béèrè irú omi tẹ́ ẹ fẹ́, omi lásán ni àbí èyí tó ní gáàsì, ìbéèrè yẹn dùn létí ṣùgbọ́n méjèèjì ló lówó, tí omi ẹ̀rọ ibẹ̀ bá ṣeé mu, ẹ ní kó fún yín ní omi ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá ra ìgò wáìnì, á da díẹ̀ sí gíláàsì yín, á dúró. Kì í ṣe pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó dùn mọ́ yín, ó fẹ́ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ti bàjẹ́ ni. Tó bá ń rùn bíi páálí tó rẹ sómi, kọ́ọ̀kì ẹ̀ ló bà á jẹ́, ẹ dá a padà láìfòyà, wọ́n á ṣí òmíì.

Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ ní kí wọ́n tẹ bíìlì yín wá, ẹ kà á láti orí dé ìsàlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, torí láàárọ̀ èrò máa wà lẹ́yìn yín, ojú á sì máa tì yín láti bi wọ́n. Tí ẹ̀rọ káàdì bá béèrè bóyá owó ìlú yín lẹ fẹ́ fi san tàbí owó ìlú tẹ́ ẹ wà, owó ibi tẹ́ ẹ wà ni kẹ́ ẹ tẹ̀, èkejì sábà máa ń wọ́n jù torí àwọn ló máa dá iye pàṣípààrọ̀ lé e. Tó bá sì jẹ́ pé ìdájí lẹ ń lọ, tí oúnjẹ àárọ̀ tẹ́ ẹ ti sanwó ẹ̀ ò ní bá yín níbẹ̀, ẹ sọ fún rìsẹ́pṣọ̀n lálẹ́ yẹn náà kí wọ́n bá yín dì í sínú páálí, wọ́n á gbé e sí kọ́ńtà dè yín.