Bí Ẹ Ó Ṣe Rí Géèmù Tí Ẹni Méjì Lè Jọ Ta Lójú Tẹlifíṣọ̀n Kan

Ọ̀pọ̀ òbí ní Ìbàdàn ni kò tíì kíyè sí i pé pípín ojú tẹlifíṣọ̀n sí méjì, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní split-screen, ti ń di ọ̀wọ́n nínú géèmù òde òní. Bọ́ọ̀lù ni a ń ta jù, bọ́ọ̀lù kò sì nílò kí a pín ojú rẹ̀, nítorí pápá kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Ìgbà tí ẹ bá kúrò nídìí bọ́ọ̀lù bọ́ sídìí ìje ọkọ̀ tàbí ogun ni ọ̀rọ̀ náà yóò hàn.

Báyìí ló ṣe hàn sí èmi náà. Mo ra àwo ìje ọkọ̀ kan fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Bódìjà, ẹni tó tà á fún mi sì ní, "Ẹni méjì máa ń ta á dáadáa, sà." Nígbà tí a tan PS4, ẹ̀rọ géèmù wọn, páàdì kejì, ìyẹn ohun tí a ń dì mú láti fi ta géèmù, tan iná pupa lásán, àbúrò sì dì í mú títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sá ìje mẹ́ta tán. Ọlọ́jà kò purọ́ o: ẹni méjì lè ta á, àmọ́ lórí ẹ̀rọ méjì, pẹ̀lú àwo méjì, kí dátà sì máa jó nílé méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ̀yìn páálí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sanwó. Bí nọ́ńbà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Online tàbí Network, íntánẹ́ẹ̀tì ló ń wí. Bí wọ́n bá kọ 1-2 Players nìkan, ìrètí wà, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, gbígba páàdì lọ́wọ́ ara ẹni ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ ní kí ọlọ́jà fi páàdì méjì tan án lójú yín.

Ohun tó fà á tí split-screen fi ń di ọ̀wọ́n ni pé bí ojú bá pín sí méjì, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ya ayé inú géèmù náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ yíyà á lẹ́ẹ̀kan péré ti ń gba gbogbo agbára rẹ̀ tán. GoldenEye 007 pín ojú fún ẹni mẹ́rin lórí ẹ̀rọ Nintendo 64 ní 1997, nígbà tí àwòrán kò tíì wúwo. Halo 5 jáde ní 2015 láìní split-screen rárá. Nígbà tí géèmù Baldur's Gate 3 dé orí ẹ̀rọ Xbox ní December 2023, wọn kò fi split-screen sí ti Xbox Series S, tí agbára rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ, owó náà wà níbẹ̀: ẹni méjì tó wà nílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sábà máa ń ra géèmù méjì.

Àwọn tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni It Takes Two, tí ẹnì kan kò tilẹ̀ lè dá ta, Gran Turismo 7, Rocket League, àti Mario Kart 8 Deluxe fún ẹni mẹ́rin lórí ẹ̀rọ Nintendo Switch. Fortnite náà ń pín ojú lórí PlayStation àti Xbox, ṣùgbọ́n kò lè ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kálukú sì gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì tirẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ páàdì ṣeré. Páàdì PS4 kò lè ta géèmù PS5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè fi ta géèmù PS4 lórí PS5. Xbox Series ní tirẹ̀ ń gba páàdì Xbox One. Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀ ní Queen Cinema, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, kí ẹ sì gbé àtàǹpàkò kúrò lórí ọ̀pá kékeré méjèèjì. Bí ènìyàn inú géèmù bá ń dá rìn, ẹ dá páàdì náà padà fún ọlọ́jà.

Nílé, ẹ tan páàdì kìíní, ẹ ṣí géèmù, kí ẹnì kejì tẹ bọ́tìnnì PS kó sì yan àkáǹtì tirẹ̀ tàbí ti àlejò. Rocket League tún ń béèrè pé kó tẹ bọ́tìnnì Options. Ẹ lè yàn níbẹ̀ bóyá kí ojú pín sí òkè àti ìsàlẹ̀ tàbí sí ọ̀tún àti òsì; lórí tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 32, ẹ sún àga mọ́ ọn. Ẹni tó wà lókè yóò sọ pé ìsàlẹ̀ ló dára jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ páàdì lẹ́yìn ìdíje kọ̀ọ̀kan.