Àwọn àṣìṣe táwa òbí ń ṣe lórí owó ọmọ nílùú ọba

"Wọ́n ní, wọ́n ní" ló ń ba owó ọmọ jẹ́ mọ́ àwọn èèyàn wa lọ́wọ́ níbí. Ẹnì kan á sọ fún yín níbi ìsọmọlórúkọ pé owó tí ọkọ yín ń gbà ti pọ̀ jù, ẹ má wulẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù, ẹ̀yin náà á sì gbà.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ o. Child Benefit ni mò ń sọ, owó tí HMRC, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba, ń san fún òbí lórí ọmọ. Lóòótọ́, tí ẹnì kan nínú yín bá ń gbà ju £60,000 lọ lọ́dún, wọ́n á máa fi owó orí gba díẹ̀ padà, tó bá fi máa dé £80,000 wọ́n á ti gba gbogbo ẹ̀. Àmọ́ wọn kì í ro owó tọkọtaya pọ̀, bàbá £55,000, ìyá £55,000, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Kódà tó bá ju £80,000 lọ, ẹ kọ fọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ kàn sọ pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n sanwó, torí fọ́ọ̀mù yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n ka ọdún tí ìyá fi jókòó sílé tọ́mọ mọ́ pẹ́ńṣàn ìjọba tiẹ̀, títí ọmọ á fi pé 12.

Ibẹ̀ làwọn bàbá wa ti ń bà á jẹ́, wọ́n á ní àwọn ni olórí ilé, orúkọ àwọn ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ti ń san ti pẹ́ńṣàn tiẹ̀ níbi iṣẹ́ o! Ẹnì kan péré ló sì lè gba owó lórí ọmọ kan. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó kọ ọ́ jàre.

Ẹ má sì fi falẹ̀, oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n ń san sẹ́yìn. Ní 2025/26, £26.05 lọ́sẹ̀ ni ti àkọ́bí, àwọn yòókù £17.25, ẹ ṣírò ohun tó ti lọ tí ọmọ bá ti pé ọdún kan. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni kó bá yín kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Two-child limit, òfin ọmọ méjì péré tí wọ́n gbé dé ní 2017, tí wọ́n sì pinnu láti fòpin sí ní April 2026 yẹn, ti Universal Credit ni, owó ìrànwọ́ fáwọn tówó wọn kéré, kò kan Child Benefit rárá.

Tí wọ́n bá kọ "no recourse to public funds" sórí fíìsà yín, ìyẹn pé ẹ ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ má fọwọ́ kan Child Benefit, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú yín ni. Tí ọkọ tàbí aya yín bá jẹ́ ọmọ ìlú ibí, òun lè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi lọ́yà.

Kẹ́ ẹ wá kó ọmọ lọ Nàìjíríà lọ gbé iléèwé, kí owó ẹ̀ ṣì máa wọ àkáǹtì yín, gbèsè lẹ̀ ń jẹ yẹn, wọ́n á gbà á padà. Tí ìrìn àjò bá ti máa ju ọ̀sẹ̀ 8 lọ, ẹ sọ fún wọn.

Tí ọmọ bá pé 16, wọ́n á kọ lẹ́tà bóyá ó ṣì wà níléèwé. Tẹ́ ò bá dáhùn, wọ́n á dá owó dúró ní 31 August, ọmọ ń ṣe A-level ẹ̀ lọ, lẹ́tà sì wà lábẹ́ ìwé iná lórí fíríìjì.