Bí a ṣe ń jiyàn Formula 1 kí ọ̀rọ̀ ẹni lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀

Eré ọkọ̀ Formula 1 kì í tíì parí tán tí ẹjọ́ á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á ní lágbájá ò lè sáré mọ́. Òmíràn á ní táyà ni wọ́n fi pa á láyò. Ẹnì kẹta á ní àwọn adájọ́ ń gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Ẹjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ̀rí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè ò sì jọra. Àmọ́ ojú kan náà la fi ń wo gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí ìyàn wa kì í fi í níbi tó ń já sí.

Eré kan ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ: ìdíje Belgium ní pápá Spa-Francorchamps, ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2024. George Russell ti Mercedes bẹ̀rẹ̀ láti ipò kẹfà. Ó pààrọ̀ táyà lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí Lewis Hamilton tí wọ́n jọ wà ní Mercedes nígbà náà àti Oscar Piastri ti McLaren pààrọ̀ tiwọn lẹ́ẹ̀mejì. Russell ló kọ́kọ́ dé, àlàfo àárín òun àti Hamilton kò sì tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n fagi lé èsì rẹ̀, Hamilton sì di olúborí. Ìyàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé sínú eré yẹn.

1. Ẹ kọ táyà sílẹ̀ ná

Ẹ má tíì dárúkọ awakọ̀ kankan. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ irú táyà tí kálukú lò àti iye ìyípo (yíyí pápá ká lẹ́ẹ̀kan) tó ti fi sá. Funfun ni àmì táyà líle, ìyẹ́lò ni ti àárín, pupa ni ti èyí tó rọ̀. Àwọ̀ ewé wà fún ilẹ̀ tútù, búlúù wà fún òjò ńlá. Táyà rírọ̀ máa ń di ilẹ̀ mú, ó sì ń yára, ṣùgbọ́n kì í tọ́jọ́. Líle máa ń pẹ́, àmọ́ kì í tètè gbóná. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, awakọ̀ gbọ́dọ̀ lo oríṣi méjì, ó kéré tán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé àwọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ohun kan náà ní gbogbo pápá. Oríṣi márùn-ún ni Pirelli, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe táyà fún gbogbo wọn, ní fún ilẹ̀ gbígbẹ lọ́dún 2024, láti C1 tó le jù títí dé C5 tó rọ̀ jù, mẹ́ta péré ni wọ́n sì ń kó lọ síbi eré kọ̀ọ̀kan. C1 sí C3 ni wọ́n kó lọ sí pápá Silverstone ní England, C3 sí C5 ni wọ́n kó lọ sí Monaco. Ìyẹn ni pé C3 tó jẹ́ pupa ní Silverstone, funfun ni ní Monaco. Ẹni tó bá ní lágbájá kì í lè ṣètọ́jú táyà pupa láì dárúkọ pápá, kò tíì sọ nǹkan kan.

2. Ẹ rántí epo

Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti fòfin de bíbu epo láàárín eré. Gbogbo epo tí ọkọ̀ máa lò ló máa gbé kúrò níbi ìbẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ òfin ọdún 2024, ó lè tó 110 kílò, ìyẹn lé díẹ̀ ní àpò sìmẹ́ńtì méjì. Kílò mẹ́wàá epo máa ń jẹ nǹkan bí 0.3 ìṣẹ́jú àáyá lórí ìyípo kan. Bí pápá bá gùn, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ń fúyẹ́ bí eré ṣe ń lọ, nítorí náà ó yẹ kó máa yára sí i. Bí àkókò awakọ̀ bá wá dúró sójú kan fún ìyípo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, táyà rẹ̀ ti ń gbó nìyẹn, bí kò tiẹ̀ hàn lójú.

3. Ẹ ṣa ìyípo tí ẹ máa fi wọn eré sísá

FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ọkọ̀ lágbàáyé, máa ń gbé àkókò gbogbo ìyípo awakọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde lẹ́yìn eré. Ẹ wá a jáde. Ẹ yọ ìyípo àkọ́kọ́ kúrò. Ẹ yọ èyí tó fi wọ pit (ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà) àti èyí tó fi jáde. Ẹ yọ gbogbo èyí tí safety car (ọkọ̀ tó ń dín eré gbogbo wọn kù bí ewu bá wà) wà níwájú wọn tàbí tí àsíá ìyẹ́lò, àmì ewu, ń fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ èyí tó ti wà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì sẹ́yìn ọkọ̀ mìíràn, torí afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ iwájú ti dà rú kì í jẹ́ kí ti ẹ̀yìn di ilẹ̀ mú ní kọ́nà. Ẹ to èyí tó kù láti orí èyí tó yára jù dé èyí tó lọ́ra jù, kí ẹ mú àkókò tó bọ́ sí àárín. Ìyẹn sàn ju kí ẹ mú ìyípo kan ṣoṣo tó yára jù, tó lè jẹ́ táyà tuntun ló ṣiṣẹ́ yẹn ní òpin eré.

Ẹnìkejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan náà ni kí ẹ fi í wé, torí ọkọ̀ wọn jọra. Síbẹ̀ ọjọ́ orí táyà gbọ́dọ̀ súnmọ́ra. Ní Spa, Hamilton ń lé Russell bá ní ìyípo lẹ́yìn ìyípo ní òpin eré. Ẹni tí kò bá kọ táyà sílẹ̀ á ní Hamilton yára jù ú lọ. Àmọ́ ìyípo kẹwàá ni Russell ti gbé táyà funfun tirẹ̀ wọ̀, ìyípo kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni Hamilton ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé èyí tó kẹ́yìn wọ̀. Bákan náà, pé Russell kọ́kọ́ dé kò sọ pé òun ló yára jù. Ètò ni wọ́n fi díje, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan.

Ipò tí awakọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rí. Max Verstappen ló yára jù ní ọjọ́ Sátidé níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń sá fún ipò ìbẹ̀rẹ̀, ìyà pé ó lo ẹ́ńjìnnì ju iye tí òfin gbà lọ ló tì í sẹ́yìn lọ sí ipò kọkànlá.

4. Ẹ ṣírò pit kí ẹ tó bú àwọn onímọ̀ ètò

Pípààrọ̀ táyà fúnra rẹ̀ kì í ju bí ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta lọ. McLaren ṣe é ní 1.80 ní Qatar lọ́dún 2023. Ohun tó ń jẹ àkókò ni wíwọ̀ àti jíjáde, torí iyára níwọ̀n nínú pit. Ní ọ̀pọ̀ pápá, gbogbo rẹ̀ á súnmọ́ ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ká fi ogún ṣírò ti Spa: eré jẹ́ ìyípo 44, Hamilton wọ pit ní 26, ìyípo 18 ló kù. Ẹni tó bá wọ pit nígbà yẹn gbọ́dọ̀ fi ohun tó lé ní ìṣẹ́jú àáyá kan yára ju ẹni tó dúró lọ lórí ìyípo kọ̀ọ̀kan kó tó lè bá a. Bó bá sì bá a, ó ṣì gbọ́dọ̀ kọjá. Hamilton bá a. Kò rí ọ̀nà kọjá.

Ẹ wá bi ara yín pé kí ni wọ́n mọ̀ *nígbà yẹn*. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti gbà pé pípààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni. Àwọn apá kan nínú ilẹ̀ Spa jẹ́ ọ̀dà tuntun, táyà ò sì gbó tó bí wọ́n ṣe rò. Russell fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá lórí rédíò pé kí wọ́n ro lẹ́ẹ̀kan náà wò. Mo gbóríyìn fún un gan-an, torí òun ló mọ̀ ọ́n lára nínú ọkọ̀. Àmọ́ mi ò ní tìtorí ẹ̀ sọ pé ètò Hamilton burú. Èsì tó jáde lẹ́yìn kò lè ṣe ẹlẹ́rìí fún ìpinnu tí wọ́n ti ṣe ṣáájú.

5. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá ṣẹjọ́

Olùdarí eré kì í ṣe adájọ́. Òun ló ń pàṣẹ safety car. Àwọn adájọ́ ló ń gbọ́ ẹ̀sùn, tó ń fìyà jẹni. Ní Abu Dhabi lọ́dún 2021, Michael Masi, olùdarí eré, ló pàṣẹ pé kí ọkọ̀ márùn-ún péré tó wà láàárín Hamilton àti Verstappen kọjá safety car, kì í ṣe gbogbo àwọn tó ti sẹ́yìn ní ìyípo kan. Àwọn adájọ́ ló dá ẹ̀sùn Mercedes nù. Ní oṣù Kẹta 2022, FIA kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé àṣìṣe ènìyàn ni. Ẹni tó bá da àwọn méjì yìí pọ̀, ẹni tí kò ṣẹ̀ ló ń bú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé ìdájọ́. Ó máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, òfin tí wọ́n rú, ìyà, àti ìdí. Ẹ yan ibi tí ẹ ti fẹ́ takò ó, torí èèyàn lè gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ wà, kó sì ní ìyà náà ti pọ̀ jù.

Ẹjọ́ kan wà tí kò sí àyè fún ojú àánú. Ọkọ̀ Russell wọn 796.5 kílò lẹ́yìn tí wọ́n fa epo rẹ̀ tán. 798 ni òfin ọdún 2024 fẹ́, ó kéré tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fagi lé èsì rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jiyàn. Wọ́n ní táyà tó ti gbó gan-an wà lára ohun tó lè fà á. Ní Spa, àwọn ọkọ̀ kì í yí gbogbo pápá ká lẹ́yìn eré, nítorí náà wọn kì í rí rọ́bà tó wà nílẹ̀ ṣà mọ́ táyà kí ìwọ̀n ọkọ̀ lè pọ̀ sí i. Ètò tó gbé e débi ìṣẹ́gun ṣeé ṣe kó wà nínú ohun tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti kọ́nà yàtọ̀. Ní Austin, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2024, Lando Norris ti McLaren kọjá Verstappen níta pápá, wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún jẹ ẹ́ níyà, ó bọ́ láti ipò kẹta sí ìkẹrin. McLaren ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà wò, wọ́n kọ̀ ọ́ torí kò sí ẹ̀rí tuntun. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ní Mexico, Verstappen gba ìyà ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì nítorí ohun tó ṣe sí Norris. Ẹ ti gbọ́ pé wọ́n ń gbè sẹ́yìn Verstappen? Adájọ́ máa ń yí padà láti eré dé eré. Ìlànà tí wọ́n fi ń wo ẹni tó kọ́kọ́ dé àárín kọ́nà lọ́dún 2024 ni mo rò pé ó níṣòro: ó ń fún ẹni tó já wọlé pẹ̀lú ìwàǹwára ní ẹ̀tọ́, yálà ó lè yípo kọ́nà náà tàbí kò lè yí i. Òfin yẹn ló yẹ ká takò, kì í ṣe ẹni tó lò ó.

6. Ẹ dúró de ìwọ̀n

Èsì tí wọ́n fi gbé ife fúnni kì í ṣe èsì ìkẹyìn. Wọ́n á wọn ọkọ̀, wọ́n á yẹ epo àti ilẹ̀ ọkọ̀ wò. Russell ti dúró lórí pèpéle, ó ti gba ife, kí wọ́n tó yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ìwé FIA jáde ná, kí ẹ tó kọ ẹni tó borí sílẹ̀.