Bí A Ṣe Ń Fi Abẹ́rẹ́ AFM Mọ Bí Ojú Nǹkan Ṣe Rí

Maikirosíkóòpù tí wọ́n ń pè ní AFM (atomic force microscope) kì í wo nǹkan, ṣe ló máa ń fara kàn án. Abẹ́rẹ́ kan ló ní, tí ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ mú débi pé kò ju bíi nanomítà 10 lọ, òun ló sì ń rìn lórí nǹkan bí afọ́jú ṣe ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Ẹ pín mìlímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nanomítà. Fọ́nrán irun orí kan fẹ̀ tó bíi nanomítà 80,000. Láti ìgbà tí Gerd Binnig, Calvin Quate àti Christoph Gerber ti gbé iṣẹ́ yìí jáde lọ́dún 1986, ohun kan ò yí padà: nǹkan tí ẹ gbé síbẹ̀ àti abẹ́rẹ́ yín ló jọ ń bí àwòrán. Ẹni tí kò bá mọ ti ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì, irọ́ ló máa kó lọ sílé.

Abẹ́rẹ́ ọ̀hún wà létí ọ̀pá pẹlẹbẹ kan tí gígùn rẹ̀ lè má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ mìlímítà. Iná lésà máa ń bọ́ sẹ́yìn ọ̀pá yìí, á ta padà sórí ohun kékeré kan tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára. Bí abẹ́rẹ́ bá gun gegele, ọ̀pá á tẹ̀, iná á yẹ̀, ẹ̀rọ á sì gbé abẹ́rẹ́ sókè lójú ẹsẹ̀. Bó bá kan kòtò, á sọ ọ́ kalẹ̀. Lílọ sókè sódò yẹn ni kọ̀ǹpútà ń kọ sílẹ̀, òun náà la ń pè ní àwòrán.

Ẹ tọ́jú ibi tí nǹkan máa jókòó sí

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, máíkà, ìyẹn òkúta tó ń ṣí ní ìpele-ìpele, ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lẹ tépù mọ́ ojú rẹ̀, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí ẹ wá ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé tépù yẹn síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ìpele tó bá a wá bá pé láìya, ojú tuntun tó kù sílẹ̀ tẹ́jú dé ìwọ̀n átọ́ọ̀mù. Bó bá ya, ẹ tún un ṣe.

Ẹ kán omi tí nǹkan yín wà nínú rẹ̀ sí i, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, kí ẹ sì fi atẹ́gùn náítírójìn fẹ́ ẹ gbẹ. Bó bá jẹ́ DNA ni, ẹ fi nǹkan bíi magnesium sínú omi rẹ̀, torí DNA àti máíkà ń ti ara wọn sẹ́yìn, wọ́n nílò ohun tó máa so wọ́n pọ̀. Ẹ má ṣe é pọ̀ jù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́, á sì bà á jẹ́.

Ẹ yan abẹ́rẹ́, kí ẹ tan lésà sí i

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Abẹ́rẹ́ lè máa wọ́ lórí nǹkan láìgbẹ́sẹ̀, tàbí kó máa gbọ̀n, kó máa kàn án fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, nígbà mìíràn tó bíi 300,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nǹkan rírọ̀ ò fara da wíwọ́, nítorí náà èyí tó ń gbọ̀n ni kí ẹ yàn.

Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú pátákó kékeré tí ọ̀pá so mọ́ létí, ẹ má fọwọ́ kan ọ̀pá fúnra rẹ̀. Ẹ sún iná lésà lọ sétí rẹ̀ títí tí iná á fi bọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ sórí ṣóńṣó ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ ka ìlà méjèèjì

Ibí ni sùúrù wà. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni abẹ́rẹ́ ń rìn lọ tó sì ń rìn bọ̀, kọ̀ǹpútà á sì fi ìlà méjèèjì hàn yín. Bí wọn ò bá gun ara wọn, abẹ́rẹ́ ò tẹ̀ lé ojú nǹkan. Ẹ kọ́kọ́ dín eré rẹ̀ kù. Ìlà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán onílà 512 á gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi kún agbára tí ẹ̀rọ fi ń dáhùn títí ìlà á fi máa gbọ̀n jìnnìjìnnì, kí ẹ wá dín in kù títí ìgbọ̀n yẹn á fi lọ. Bí wọn ò bá tíì pàdé, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Díẹ̀ ni mo wí o, torí títẹ̀ jù ló ń ba ẹnu abẹ́rẹ́ jẹ́.

Ẹ má tètè gba àwòrán gbọ́

Nígbà kan mo fi odindi ọjọ́ mẹ́ta ka hóró onígun mẹ́ta lórí wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, inú mi dùn pé gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà. Abẹ́rẹ́ mi ló kán. Hóró kọ̀ọ̀kan ló ń ya ẹnu abẹ́rẹ́ náà fún mi. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ fọwọ́ yí nǹkan náà fúnra rẹ̀ po ní ìwọ̀n 90, kí ẹ tún un yà. Ohun tó jẹ́ ti nǹkan náà á bá a yí. Ti abẹ́rẹ́ á dúró bó ṣe wà. Ẹ má rò pé yíyí ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń gbà rìn nínú kọ̀ǹpútà ti tó. Kò tó, torí abẹ́rẹ́ àti nǹkan náà á ṣì kọjú síra wọn bíi tàtẹ̀yìnwá.

Ẹ ṣọ́ fífẹ̀ pẹ̀lú. DNA fẹ̀ tó nanomítà 2, ṣùgbọ́n ó lè hàn bíi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ ti fara kàn án kí ẹnu rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Gíga ni kí ẹ gbára lé ju fífẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá gíga yẹn péye, ẹ ya gíráfáìtì, ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù: àtẹ̀gùn kan lórí rẹ̀, ìyẹn gíga ìpele kan, jẹ́ nanomítà 0.335.

Nígbà tí ẹ bá ń mú kí àwòrán tẹ́jú lórí kọ̀ǹpútà, bóyá pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà Gwyddion tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ kọ́kọ́ bo àwọn ohun tó ga mọ́lẹ̀ kí kọ̀ǹpútà má bàa kà wọ́n mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjìji dúdú á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ sókè dáadáa kí ẹ tó yọ nǹkan yín kúrò, kí ẹ sì kọ iye ìgbà tí ẹ ti lo abẹ́rẹ́ náà sára àpótí rẹ̀.