Bí A Ṣe Ń De Fáàfù Tí A Ń Fi Fóònù Darí Mọ́ Rédíétọ̀ Ilé

Nínú ilé tí bọ́ílà kan ṣoṣo (ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná) ti ń fi omi gbígbóná ránṣẹ́ sí gbogbo rédíétọ̀, ìyẹn àwọn irin inú yàrá tí omi yìí ń gbà kọjá láti mú ilé gbóná, owó ńlá ló ń bá mímú yàrá tí kò séèyàn níbẹ̀ gbóná lọ. Fáàfù, ohun tó ń ṣí omi tó ń wọ rédíétọ̀ tó sì ń dí i, ni a lè fi fóònù darí báyìí, èyí sì ń jẹ́ kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ooru àti àkókò tirẹ̀. Dídè é kò gba agbára. Àyẹ̀wò tó ṣáájú rírà á ló gba sùúrù.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí páìpù ti wọ inú rédíétọ̀. Bí orí fáàfù ibẹ̀ bá ní nọ́ńbà 1 sí 5, orí yẹn nìkan ni ẹ ó pààrọ̀, omi kò sì ní jáde rárá. Bí ó bá jẹ́ fáàfù lásán tí a kàn ń fi ọwọ́ ṣí, tí a sì ń fi ọwọ́ tì, odindi rẹ̀ ni yóò kúrò, iṣẹ́ púlọ́ńbà sì nìyẹn, torí a ó kọ́kọ́ fa omi inú páìpù jáde. Ẹ wo ojú ìlọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí orí ti ń wọ ara fáàfù: ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní M30 × 1.5 ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú fáàfù ilé-iṣẹ́ Danfoss ní ojú tiwọn, wọ́n sì nílò àdápítọ̀, ìyẹn ohun ìsopọ̀ tó ń jẹ́ kí orí tuntun bá ojú náà mu.

Ẹ yí orí àtijọ́ sí 5, kí ó má baà tẹ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́, kí ẹ tó tú òrùka rẹ̀. Píìnì kékeré kan yóò yọjú. Ẹ fi ohun líle tó tẹ́jú tẹ̀ ẹ́: ó gbọ́dọ̀ wọlé díẹ̀, kí ó sì ta padà fúnra rẹ̀. Ibí gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́, nítorí píìnì tí kò mira látìgbà tí ooru ti mú sábà máa ń gan, ẹ̀rọ inú orí tuntun kò sì lágbára tó láti tì í. Ẹ kán epo díẹ̀ sí i, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa fi í sílẹ̀, títí yóò fi dẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi píláyà fà á jáde, torí omi gbígbóná lè tú jáde tẹ̀ lé e.

Ẹ ki bátìrì bọ orí tuntun, ẹ dúró kí ẹ̀rọ rẹ̀ fà sẹ́yìn tán, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọwọ́ lásán dè é. Orí fóònù ni ẹ ti máa so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé, tí ẹ ó sì ní kí ó wọn bí píìnì ṣe ń lọ tó.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ àfìgbà tí yàrá bá tutù: fáàfù lè dí omi, ṣùgbọ́n kò lè pe bọ́ílà pé kó tan, àfi bí a bá so ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ rẹ̀ mọ́ bọ́ílà. Iná mànàmáná wà nínú ìyẹn, nítorí náà ẹ pe ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀rọ yìí, tẹmosítáàtì ara ògiri, ẹ̀rọ tó ń wo ooru yàrá tó sì ń tan bọ́ílà tàbí pa á, ló ṣì ń pàṣẹ, ẹ má sì ṣe de orí tuntun mọ́ rédíétọ̀ inú yàrá tí tẹmosítáàtì náà wà. Bí yàrá yẹn bá ti gbóná jù, tẹmosítáàtì yóò pa bọ́ílà, ilé yòókù yóò sì tutù, bí a bá sì ti rédíétọ̀ rẹ̀ pa, bọ́ílà lè máa jó láìdúró.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ gbé tẹmómítà sí òdìkejì yàrá. Ẹ̀gbẹ́ páìpù gbígbóná ni orí fáàfù wà, nítorí náà ó sábà máa ń ka ooru ju bó ṣe rí lọ. Ẹ ṣàtúnṣe ìyàtọ̀ náà lórí fóònù.